Kí Ni Àlejò Jẹ Láàárọ̀ Yìí?

Bí ènìyàn bá dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn dókítà ẹranko yẹn, tó ní orúkọ àbísọ ọkùnrin náà lòun ń béèrè, wọn á wò ó bí ẹni tó ṣìnà. Ṣùgbọ́n kó ní Dókítà Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lòun ń wá, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an á gbé korobá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á sì mú un débẹ̀: yàrá kẹta lọ́wọ́ òsì, èyí tí èékánná ajá ti ha ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn rẹ̀ títí ọ̀dà fi bó tán. Inú yàrá yìí ni ọkùnrin náà ti fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ajá, ológbò, ehoro àti gbogbo ẹran kéékèèké tó ń bá ènìyàn gbé inú ilé.

Ibi tí orúkọ rẹ̀ ti wá kò ṣòro. Lọ́jọ́ kìíní tí àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn bá wọ yàrá náà, kò ní fi abẹ́rẹ́ hàn wọ́n, kò sì ní ṣí ìwé kankan. Á lọ jókòó sórí àga pupa tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì irin, àga tí olówó ẹran máa ń jókòó sí, á sì ká apá mọ́ra.

“Ẹran ò lè sọ̀rọ̀,” á ní. “Olówó ẹ̀ lè sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi í ní ohun tí ẹran ẹ̀ jẹ, kẹ́ ẹ sì bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìgbà àkọ́kọ́, ohun tó rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ ló máa sọ. Ìgbà kejì, ohun tó wu òun náà kó jẹ́ òótọ́ ló máa sọ. Ìgbà kẹta, tẹ́ ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ yọ sí i, ẹ máa gbọ́ òótọ́. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Ìfẹ́ ló ń jẹ́ kó parọ́.”

Lẹ́yìn náà ni á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn tó ti parọ́ fún un lórí àga yẹn. Ọ̀gbẹ́ni kan búra pé ológbò òun kò fẹsẹ̀ kan ìta rí, ológbò náà sì jókòó síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ́ adìẹ aládùúgbò lẹ́nu. Ìyá kan ní síbí oúnjẹ méjì péré ni ajá òun ń jẹ lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ènìyàn méjì ló gbé ajá ọ̀hún wọlé bí ẹni gbé àpò ìrẹsì. Dókítà á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Irọ́ ẹlòmíràn dùn mọ́ ọn púpọ̀, bó ṣe ń dùn mọ́ gbogbo wa.

Ohun tí kò sí nínú ẹ̀kọ́ náà ni pé òun alára ní irọ́ méjì tó ń sìn nílé. Èkíní ni ti àtọ̀gbẹ. Ó ti tó ọdún kan tí dókítà tó ń tọ́jú òun fúnra rẹ̀ ti ní kó má fẹnu kan ṣúgà mọ́. Gbogbo ìgbà tó bá lọ fún àyẹ̀wò ni wọ́n ń bi í, gbogbo ìgbà náà ló sì ń dáhùn pé òun ti gbàgbé bí ṣúgà ṣe ń rí lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń tú u láṣìírí. Ó ní ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́. Dókítà yẹn kì í béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, Dókítà Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta sì máa ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé wọn kò kọ́ ọ níṣẹ́ dáadáa.

Irọ́ kejì ni ti Àlejò. Ajá kékeré funfun kan ni, tí irun bò lójú. Àbígbẹ̀yìn Dókítà ló gbé e wá nígbà tó ń kó lọ sílé ọkọ, ó ní kí bàbá òun bá òun tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Dókítà ní òun ń rí ajá tó níbi iṣẹ́, òun kò fẹ́ òmíràn nílé, ọ̀sẹ̀ méjì kò sì gbọdọ̀ di mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tó fi sọ ọ́ ní Àlejò. Ọdún kẹfà rèé. Àlejò ti ní ìrọ̀rí tirẹ̀, ó ti gba àyè tirẹ̀ lórí àga gígùn, ìyàwó Dókítà ló wá ń wá ibi tí yóò jókòó sí.

Bí ẹ bá bi Dókítà, á ní ife oúnjẹ ajá kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́, kò sí nǹkan mìíràn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ní gbogbo òwúrọ̀, kí ìyàwó rẹ̀ tó jáde ní balùwẹ̀, òun àti Àlejò á ti jókòó ti agolo bisikíìtì tí ìyàwó náà ń fọwọ́ ara rẹ̀ yan. Ó ní àwọn ọmọ-ọmọ lòun ń yan án fún. Dókítà á mu tíì, wọ́n á jọ jẹ bisikíìtì, ajá á máa wo ẹnu rẹ̀, òun náà á máa wo ti ajá. Kò sí àkókò mìíràn lóòjọ́ tí ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Odidi ọdún kan ni ìyàwó rẹ̀ fi bá a jà lórí agolo yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ó ṣàdédé jáwọ́ nínú ìjà. Ó yan bisikíìtì tuntun, ó gbé agolo náà síwájú ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní, “Olówó orí mi, jẹ ẹ́ kó o gbádùn.” Ọkùnrin tó ń kọ́ gbogbo ayé pé kí wọ́n má gba ìdáhùn àkọ́kọ́ gbọ́ kò béèrè nǹkankan. Ó rò pé òun ti borí ni.

Nínú àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn, ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Onímàlúù. Bàbá rẹ̀ ní agbo màlúù, àárín wọn ló sì dàgbà sí. Ó ga tó fi jẹ́ pé ó ń tẹ orí ba kó tó wọ yàrá kẹta, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sì tó àwo. Gbogbo ènìyàn gbà pé màlúù ni yóò máa tọ́jú títí ayé. Àfi lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ ológbò aláìsàn kan lé e lọ́wọ́, tí ológbò náà sùn lọ síbẹ̀, tí Onímàlúù sì dúró lójú kan fún wákàtí kan gbáko kó má baà jí i. Láti ọjọ́ náà ló ti yí èrò rẹ̀ padà.

Ìṣòro rẹ̀ kan ṣoṣo ni ẹnu. Ìdánwò ìkẹyìn ní yàrá kẹta kì í ṣe ti ìwé. Dókítà á jókòó sórí àga pupa, á ṣe bí olówó ẹran tó ń parọ́; Àlejò á dúró lórí tábìlì bí aláìsàn; akẹ́kọ̀ọ́ á sì fi ìbéèrè wá ohun tó ń ṣe ajá náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Onímàlúù ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi. Nílé bàbá rẹ̀, bí àgbà bá ti dáhùn, ó ti dáhùn nìyẹn. Ẹni tó bá tún bi í ní nǹkan kan náà, òpùrọ́ ló ń pè é. Nítorí náà Onímàlúù á béèrè lẹ́ẹ̀kan, á ní “Ẹ ṣé, sà,” á sì fi ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára kọ irọ́ náà sílẹ̀.

“Ọmọ yìí,” Dókítà á ní, “tí wọ́n bá sọ fún ẹ pé iyanrìn ni ológbò ń jẹ, wàá kọ ọ́.”

“Tó bá jẹ́ àgbà ló sọ ọ́, sà.”

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni òpin. Bí ó bá tún fìdí rẹmi, odidi ọdún kan ni yóò tún ṣe, iṣẹ́ tó ń dúró dè é nílé ìwòsàn Aǹtí Dókítà yóò sì di ti ẹlòmíràn. Aǹtí Dókítà yìí ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Dókítà Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta nígbà kan; ẹnu rẹ̀ mú, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ó sì ní ilé ìwòsàn ajá àti ológbò tirẹ̀ láàárín ìlú. Lọ́dọọdún ló máa ń wá jókòó ti ìdánwò náà, ìwé máàkì á wà lórí itan rẹ̀. Dókítà fẹ́ràn Onímàlúù gan-an, ó sì ń gbàdúrà pé kó yege, ṣùgbọ́n kò lè ràn án lọ́wọ́. A kì í fi àánú sọ ènìyàn di dókítà.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, Dókítà fún Àlejò ní bisikíìtì kan àti ààbọ̀, ó ní iṣẹ́ ńlá ń bẹ níwájú rẹ̀. Wọ́n jọ wọ mọ́tò. Onímàlúù ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé.

“Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàárọ̀, mà. Bàbá, kí ló gbé yín wá?”

“Etí ajá mi ló ń yún un,” ni Dókítà fi ohùn arúgbó kan tó ń yá lò lọ́dọọdún dáhùn. Etí Àlejò kò ṣe nǹkankan. Ohun tó wà nínú ìwé máàkì ni pé olówó ajá náà ti ń ro òróró gbígbóná sí i létí, á sì sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jẹ́wọ́.

“Ṣé ẹ ti fi nǹkankan sí i létí, sà?”

“Rárá o, ọmọ mi.”

“Ẹ ṣé, sà.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Aǹtí Dókítà mí kanlẹ̀. Dókítà húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ọmọ náà á fura. Onímàlúù ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà,” ó sì kọ ikọ́ náà sílẹ̀ pẹ̀lú.

Ó wá na ọwọ́ sí etí Àlejò, ọwọ́ náà sì dúró lójú ọ̀nà: itọ́ ń ṣe wàlà lẹ́nu ajá náà. Ó fi àtàǹpàkò gbé ètè ajá náà sókè, ó wo èrìgì rẹ̀. Ó gbé e nàró. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì yẹ̀ bíi ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìrìn. Àlejò ṣubú lórí tábìlì irin náà, ó sì bì.

“Ẹ má bínú, sà,” ni Onímàlúù wí. “Eré ti tán. Ara Àlejò ò yá.”

“Etí ni mo ní ó ń yún un. Má sá fún ìdánwò.”

“Sà, ẹ wò ó.”

Dókítà wò ó. Irọ́ ti pọ̀ jù nínú ìtàn yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ibí yìí: ẹ̀rù bà á débi pé gbogbo ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n náà fò lọ lórí rẹ̀. Ó sáré mú okùn tí wọ́n fi ń gbọ́ ìlù ọkàn, ó sì fi í sétí lódìkejì. Aǹtí Dókítà rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó nàka sí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tọ́jú ẹran ara rẹ̀ nínú yàrá yìí. Ọwọ́ Dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́.

“Ẹ jókòó, ọ̀gá mi. Lórí àga pupa. Èmi á wá iṣan tí omi máa gbà. Onímàlúù, wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó o sì máa bi olówó rẹ̀ léèrè.”

Àga pupa náà le ju bó ṣe máa ń le nígbà eré lọ. Onímàlúù gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ létí Àlejò, ó fi sẹ́nu ẹ̀rọ kékeré tó ń ka ṣúgà. Nọ́ńbà tó jáde kéré débi pé ó nu ẹ̀rọ náà, ó tún un ṣe. Kò yí padà.

“Ṣúgà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára ẹ̀,” ni Aǹtí Dókítà wí, abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Màá fún un ní omi ṣúgà báyìí. Àmọ́ tá ò bá mọ ohun tó ń fà á, omi là ń dà sínú agbọ̀n.”

“Sà,” ni Onímàlúù wí, “kí ni Àlejò jẹ láàárọ̀ yìí?”

Ìdáhùn náà ti dé ẹnu Dókítà. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ ń gbọ́, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ìsinsìnyí ń gbọ́, ìtìjú sì máa ń wúwo lórí àgbà. Bisikíìtì aládùn kò sáà lè mú ṣúgà wálẹ̀, ó sọ fún ara rẹ̀. Kí ló dé tí ènìyàn á máa ka ohun tí kò kan ọ̀rọ̀?

“Oúnjẹ ajá,” ó ní. “Ife kan.”

“Ẹ ṣé, sà.” Onímàlúù gbé bírò. Ó wo ìwé, ó wo Àlejò tí ahọ́n rẹ̀ ti yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gbé bírò náà sílẹ̀. Ó hàn lójú rẹ̀ pé ó dùn ún. “Ẹ dákun, ẹ má bínú, sà. Mo mọ̀ pé ẹ ti dáhùn. Ṣé ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fún un ní nǹkan mìíràn?”

“Àwọn ọmọ ilé kejì ni,” ni Dókítà wí. “Wọ́n máa ń ju nǹkan gba orí ọgbà.”

Kò sí ọmọ kankan nílé kejì. Àpọ́n kan àti ayékòótọ́ rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀.

Onímàlúù yí tábìlì po, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga pupa títí orí rẹ̀ fi wà nísàlẹ̀ orí Dókítà. Kò mẹ́nu kan ajá mọ́.

“Sà, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti rí nǹkan fi sẹ́nu láti àárọ̀?”

“Tíì nìkan. Tíì àti bisikíìtì.”

“Ó dáa, sà. Mélòó?”

“Mẹ́ta.”

“Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?”

Dókítà wo ògiri. Ó wo ìwé tó lẹ̀ mọ́ ọn. Níkẹyìn ó wo ojú ọmọ náà, ó sì rí i pé kò sí ẹ̀sùn kankan níbẹ̀, àfi pé ó ń dúró de òun.

“Kan àti ààbọ̀ ni tèmi,” ó ní. “Èyí tó kù, òun ló jẹ ẹ́. Láràárọ̀ ni. Ọdún mẹ́fà.” Ohùn rẹ̀ tún di ti arúgbó, kò sì yá a lò lọ́tẹ̀ yìí.

“Ọdún mẹ́fà, sà, tí kò sì ṣe é rí,” ni Onímàlúù wí. “Á jẹ́ pé bisikíìtì tòní ló yàtọ̀. Ta ló yan án?”

Wọ́n pe ìyàwó Dókítà lórí fóònù, wọ́n sì gbé fóònù náà sórí tábìlì kí ohùn rẹ̀ lè dé etí gbogbo wọn.

“Màmá, ẹ káàárọ̀, mà. Ara Àlejò ni ò yá. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi yan bisikíìtì ilé?”

“Báwo ni bisikíìtì ṣe dé ọ̀rọ̀ ajá? Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ẹyin, ṣúgà.”

“Ṣé ṣúgà tẹ́ ẹ máa ń lò tẹ́lẹ̀ náà ni, mà?”

“Ṣúgà ni ṣúgà ń jẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ bá mi gbé ike tó wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀ fún mi.”

Wọ́n gbọ́ tó gbé ike kan kalẹ̀. “Gbé fóònù kúrò níbi tí Dókítà ti lè gbọ́,” ni ìyá náà wí.

“Wọ́n ti ń gbọ́, mà.”

“Ó dáa náà, kí wọ́n gbọ́. Kì í ṣe ṣúgà gidi. Èyí tí wọ́n ń yọ lára igi ni, tí àwọn alátọ̀gbẹ ń lò. Àná ni mo kọ́kọ́ fi yan án. Ó ti ń sọ fún dókítà ẹ̀ láti èṣí pé òun ò jẹ ṣúgà mọ́. Mo ní kí n bá a sọ irọ́ ẹ̀ di òótọ́.”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ètè Aǹtí Dókítà ń gbọ̀n. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ṣúgà igi yẹn kì í pa ènìyàn lára, ṣùgbọ́n bó bá wọnú ajá, á fa ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ lójijì, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí ọjọ́ méjì tó pé. Dókítà Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta gan-an ló ń kọ́ wọn lọ́dọọdún. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. Ti Dókítà kò tilẹ̀ tó ogún.

“A ti mọ̀ ọ́n,” ni Aǹtí Dókítà wí. Omi ṣúgà kò gbọdọ̀ dá títí di ọ̀la, ó ní, oògùn ẹ̀dọ̀ á sì tẹ̀ lé e. Onímàlúù fi ọwọ́ ńlá rẹ̀ méjèèjì gbá Àlejò mú kó má baà fa okùn omi náà yọ. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kí ìrù funfun náà tó jù, díẹ̀ báyìí. Dókítà sunkún. Kò tilẹ̀ gbìyànjú láti fi pa mọ́.

Nígbà tí ara tù wọ́n díẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìwé máàkì. Aǹtí Dókítà fà á sẹ́yìn.

“Olówó ẹran kì í fún dókítà ní máàkì, ọ̀gá mi.” Ó kọ nǹkan sí i, ó pa á dé. “Ní ti etí, òdo. Ní ti ajá, ó yege; kó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi lóṣù tó ń bọ̀.”

Onímàlúù kò mọ ohun tí yóò fi ayọ̀ ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kò sì sófo. “Sà, ẹ foríjì mí,” ó ní. “Mo bi yín bí ẹni pé mo ń pè yín ní òpùrọ́.”

“Kí lo bá tún pè mí?” ni Dókítà wí, ó ń nu ojú. “Di ajá náà mú dáadáa jàre.”

Ọjọ́ mẹ́ta ni Àlejò lò ní yàrá kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò ní àbùkù, Dókítà àti ìyàwó rẹ̀ sì wá láti mú un lọ sílé. Onímàlúù fi Dókítà jókòó sórí àga pupa, ó fa àga mìíràn fún ìyàwó rẹ̀, ó sì gbé ìwé sórí orúnkún, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ pé kí á máa ṣe kí ẹran tó padà sílé.

“Sà, ta ló ń fún Àlejò lóúnjẹ nílé?”

Ìyàwó Dókítà gbójú sókè, ó ń wo òrùlé bí ẹni tó ń wá ibi tí òjò ti ń jò.

“Èmi ni,” ni Dókítà wí. “Láràárọ̀, tí ìyá yìí bá wà ní balùwẹ̀.” Kò tíì fi òótọ́ dáhùn irú ìbéèrè báyìí rí nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bi í, ó sì yà á lẹ́nu pé kò dùn ún.

“Ẹ ṣé, sà.” Onímàlúù kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ tó dára. Lẹ́yìn náà ó gbé orí sókè, ó bojú wo olùkọ́ rẹ̀. “Ẹ má bínú, sà. Ta ló ń fún Àlejò lóúnjẹ nílé?”

Inú Dókítà Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta dùn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ parọ́, kí ọmọ náà lè tún bi í lẹ́ẹ̀kan sí i.